Bí mo ṣe ń ṣètò ìpadàbọ̀ mi sí Bell Inn ní Aldworth láti òtẹ́ẹ̀lì etí odò Thames

Bell Inn ní abúlé Aldworth, ní Berkshire, ni ilé ọtí tí mo fẹ́ràn jù lọ ní ìgbèríko England. Ìdílé kan ṣoṣo ló ti ń tọ́jú rẹ̀ fún nǹkan bí 250 ọdún. CAMRA, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ bíà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971, ti fún un ní oyè ilé ọtí tó pegedé jù lọ ní Britain lẹ́ẹ̀mejì: ti 1990 àti ti 2019. Àwọn onílé kọ̀ láti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Wọn kì í fẹ́ kí èèyàn lo fóònù níbẹ̀, ìwọ̀nba sì ni oúnjẹ tí wọ́n ń tà. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn ibẹ̀, òun ni yóò tẹ̀lé ìṣe ilé náà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ́kọ́ ń wá yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Àkókò tí wọ́n ń ṣí ni mo kọ́kọ́ ń wò. Wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọjọ́ yòókù, wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, kí wọ́n tó tún ṣí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń rin ìrìn gígùn dé ibẹ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀, tí wọ́n á bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, pàápàá bó bá jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba.

Òtẹ́ẹ̀lì ṣe pàtàkì nítorí ọtí àti ọkọ̀. Ní England, òfin kò gbà kí ọtí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ ju 80 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà lọ, ara kálukú ló sì mọ bó ṣe ń gba ọtí sí. Mo kúkú máa ń fi mọ́tò sílẹ̀ nílé. Streatley ni mo máa ń sùn, ní etí odò Thames, nítorí ìhà tí Aldworth wà nìyẹn; ẹni tó bá sùn ní Goring, tó wà ní òdìkejì odò, ní láti sọdá afárá kó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ìgbéyàwó máa ń gba àwọn òtẹ́ẹ̀lì etí odò ní òpin ọ̀sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí náà ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ ló rọrùn láti rí yàrá. Nígbà tí ẹ bá ń gba yàrá, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn ìta lóru, kí wọ́n sì fún yín ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí ẹ tó jáde.

Láti ìlú Reading, ọkọ̀ ojú irin dé ibùdó Goring & Streatley ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ má wọ èyí tó ń yára lọ sí Oxford tàbí Bristol, kì í dúró níbẹ̀. Èyí tó ń dúró káàkiri títí dé Didcot ni kí ẹ wọ̀. Ibùdó náà wà ní Goring, ní Oxfordshire. Bí ẹ bá ti rìn sọdá afárá Thames, ẹ ti wọ Streatley, ní Berkshire.

Ọ̀nà méjì ló lọ sí Aldworth láti oríta oníná tó wà ní Streatley. Ọ̀nà mọ́tò B4009 ló kúrú jù, nǹkan bíi máìlì mẹ́ta, ṣùgbọ́n mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fẹsẹ̀ rin ín. Òkè náà ga fíofío, kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mọ́tò sì máa ń sáré jáde ní kọ́nà. Ẹ gba Ridgeway, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ayé àtijọ́ tó gùn tó 139 kìlómítà, láti Overton Hill lẹ́bàá Avebury títí dé Ivinghoe Beacon. Ní Streatley, ẹ tẹ̀lé títì lọ síhà àríwá, ẹ yà sápá òsì sí ọ̀nà Wantage, kí ẹ tún yà sápá òsì sí Rectory Road. Ọ̀dà títì parí ní Warren Farm, ibẹ̀ ni gígun òkè ti bẹ̀rẹ̀. Lórí òkè, ẹ máa rí ọ̀nà tó yà síhà gúúsù lọ sí Aldworth. Ẹ fún ara yín ní wákàtí méjì gbáko. Ẹ mú máàpù Ordnance Survey Explorer ti àdúgbò náà dání, nítorí ọ̀nà tó yà lórí òkè pọ̀, wọ́n sì jọra.

Ilẹ̀ ẹfun ni gbogbo ibẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹfun náà a máa yọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ bàtà pẹ́kípẹ́kí. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì ha ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀ níta kí ẹ tó wọ ilé ọtí.

Mo máa ń fẹ́ débẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán, kó tó kún. Kò sí káńtà gígùn; ojú fèrèsé kékeré kan tó ní gíláàsì ni wọ́n ti ń ta ọjà. Ẹ tò, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ sanwó, kí ẹ gbé e lọ fúnra yín. Ẹnikẹ́ni kò ní wá sídìí tábìlì wá béèrè. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ́ ẹni tó ń ta ọtí sí, ẹ sọ pé kó mú ti ara rẹ̀ nínú owó yín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn.

Bíà ni kókó. Arkell's 3B, bíà tí ilé iṣẹ́ Arkell's ní ìlú Swindon ń pọn, ni mo máa ń béèrè. Láti 1843 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń pọn bíà, agbára ọtí inú 3B sì jẹ́ 4 nínú 100. Bíà inú àgbá ni, kì í ṣe ti ìgò. Yíìsì ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé àgbá náà kalẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fẹ́ gáàsì sí i. Bí ẹmu ni: nǹkan alààyè ni, kì í pẹ́ kó tó kan. Bí wọ́n bá ti ṣí àgbá, láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ni adùn rẹ̀ wà. Ilé ọtí tí èrò kì í wọ̀ kò lè ta bíà inú àgbá tó dára, torí kò ní tán kó tó bàjẹ́.

Ìwọ̀n ìtutù tó tọ́ sí i jẹ́ 11 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí bíà inú fíríìjì ti mọ́ lára lè rò pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n bó bá tutù jù, ahọ́n kò ní gbọ́ adùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí fínígà, tàbí tó dà rú, tó sì korò lọ́nà àìdáa, ẹ gbé e padà wẹ́rẹ́ kí ẹ tó mu ún jìnnà. Ilé ọtí tó mọṣẹ́ kì í bá èèyàn jiyàn lórí ìyẹn.

Páìǹtì kan jẹ́ 568 mílílítà, ààbọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 284. Yúníìtì ọtí kan jẹ́ mílílítà 10 ògidì ọtí tí a kò lú, torí náà páìǹtì 3B kan lé díẹ̀ ní yúníìtì méjì. Àwọn oníṣègùn ìjọba ní kí èèyàn má ju yúníìtì 14 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Páìǹtì méjì lọ́sàn-án ti tó mi.

Búrẹ́dì róbótó gbígbóná tí èèpo rẹ̀ le ni oúnjẹ ibẹ̀. Wọ́n máa ń fi wàràkàṣì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, ahọ́n màlúù tàbí alákàn sínú rẹ̀. Ẹ ra tiyín pẹ̀lú páìǹtì àkọ́kọ́. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, èyí tó dára jù lè ti tán.

Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, wákàtí mẹ́ta tó wà láàárín kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St Mary, níbi tí ère òkúta 9 ti ìdílé de la Beche wà láti ọ̀rúndún kẹrìnlá. Àwọn Òmìrán Aldworth ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fọ́, síbẹ̀ títóbi wọn ṣì ń yani lẹ́nu. Kànga abúlé náà wà nítòsí, ó jìn ju 100 mítà lọ, nítorí ẹfun kò lè gbá omi dúró sókè. Bí ẹ bá rí i, ẹ máa mọ ìdí tí òkè tó tutù bẹ́ẹ̀ fi jẹ́ ibi tí omi ti ṣọ̀wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń padà wọlé ní aago mẹ́fà fún ife kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, takisí ni mo ń wọ̀ padà sí Streatley. Nínú oṣù Okúdù, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án yóò fi kọjá, ẹsẹ̀ ṣì lè rìn ín. Nínú oṣù Ọ̀pẹ, aago mẹ́rin ni ilẹ̀ ti ń ṣú, Ridgeway kò sì ní iná kankan. Takisí kò pọ̀ ní Goring, torí náà ẹ gbà á sílẹ̀ láti àárọ̀. Kí ẹ dá àkókò kan pàtó fún awakọ̀, kí ẹ sì jáde síwájú ilé ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, nítorí fóònù yín máa wà ní pípa nínú àpò, kò sì ní lè pè yín.