Nígbà tí mọ́tò spọ́ọ̀tì bá ń ṣe bákan: ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò

Ẹni tó bá ń ra pààtì kó tó mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò rẹ̀ máa náwó gan-an, ariwo yẹn ò sì ní lọ. Mọ́tò spọ́ọ̀tì máa ń dún ju mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé, ṣọkì rẹ̀ le, àwọn tó sì ń rà á kì í sábà fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti mọ èwo ni àìsàn, èwo ni ìwà. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ bi í, kẹ́ ẹ sì tò wọ́n tẹ̀ léra: ṣé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti kéde recall lórí rẹ̀? Ṣé nǹkan tí wọ́n fi kún un ló ń dà á láàmú? Àbí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án?

Ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò yẹ recall wò

Recall ni ìkéde tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ń ṣe nígbà tí wọ́n bá rí i pé nǹkan kan lára rẹ̀ léwu, pé kí àwọn tó ni ín gbé e wá fún àtúnṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé wọn ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí, nítorí náà ẹni tó ra àlòkù lè má gbọ́ rárá. Ẹ má dúró de lẹ́tà.

Ẹ dúró síta, kẹ́ ẹ wo igun ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ẹ máa rí nọ́ńbà kan lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó tún sábà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni gbogbo rẹ̀. Wọn kì í lo I, O àti Q nínú rẹ̀, torí náà ohun tó bá jọ O, òdo ni, ohun tó bá sì jọ I, 1 ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á, ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀ níbẹ̀, máa sọ recall tí wọn ò tíì ṣe lórí mọ́tò yẹn gan-an. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún títà nílẹ̀ Japan kì í ní nọ́ńbà oní-17 yìí. Nọ́ńbà férémù kúkúrú ló máa ń ní, bí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ZN6 lára Toyota 86 àkọ́kọ́, ìkànnì Amẹ́ríkà ò sì ní gbà á. Ìkànnì tilẹ̀ Japan ni kẹ́ ẹ lọ.

Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò yìí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, torí recall lè jáde lórí mọ́tò tó ti pẹ́. Sípíríǹgì fáàfù inú ẹ́ńjìnnì Subaru BRZ àti Toyota 86 tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 2012 sí 2013 lè ṣẹ́, kí ẹ́ńjìnnì sì kú lójú ọ̀nà. Ọdún 2018 ni recall rẹ̀ tó jáde. Àtúnṣe yẹn gba kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, ẹ máa yẹ ọ́ìlì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ó ń jò níbi tí wọ́n ti tú u.

Èyí tó yẹ kó lé oorun lójú yín ni ti àpò afẹ́fẹ́ (airbag) tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe, ìyẹn àpò tó máa ń wú láti dáàbò bo èèyàn tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan. Ammonium nitrate ni wọ́n fi ń mú àpò náà wú. Tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè bú gbàmù jù bó ṣe yẹ lọ, kí irin tó wà yí i ká sì fọ́ lu ẹni tó wà níwájú. Ford Mustang àti Mazda RX-8 wà lára àwọn tó kàn. Tí nọ́ńbà yín bá fi hàn pé wọn ò tíì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má wa mọ́tò yẹn kiri mọ́ títí wọ́n á fi ṣe é.

Bulletin yàtọ̀ sí recall. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń ṣàlàyé àléébù kan fún àwọn mẹkáníìkì wọn ni, kò sì sọ pé ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀ lẹ́yìn tí wárántì bá ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn ariwo yín wà.

Nǹkan àfikún: ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ bátìrì

Kámẹ́rà dáṣíbọ́ọ̀dù, áláàmù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin ga: bátìrì ni gbogbo wọn ń mu. Tí mọ́tò bá ń kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tẹ́ ẹ ti páàkì rẹ̀, ẹ má tíì ra bátìrì tuntun. Ẹ wá mítà tí wọ́n fi ń wọn iná.

Ẹ kọ́kọ́ gba bátìrì ní chaji kó kún, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kẹ́ ẹ wá wọ̀n ọ́n. Fóòtì 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún. Tó bá ti wá sí 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí bátìrì tẹ́ ẹ gba iná sí bá tún wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí pé ó so mọ́ mọ́tò, òun gan-an ló ti gbó.

Tó bá dúró dáadáa, ẹ wá ohun tó ń fà á. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn tó súnmọ́ ibi tí fíúsì wà, kẹ́ ẹ fi súkúrúdíráfà ti kọ́kọ́rọ́ ẹnu rẹ̀ kí mọ́tò rò pé ó ti tì. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ oníbọ́tìnnì jìnnà sí i. Ẹ gbé mítà sí ampere 10, kẹ́ ẹ ki wáyà pupa rẹ̀ bọ ojú ihò tí wọ́n kọ 10A sí. Ẹ tú wáyà orí òdì bátìrì, ìyẹn èyí tó ní àmì –, kẹ́ ẹ fi ẹnu mítà kan kan wáyà náà, èkejì sì kan orí bátìrì. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣáná sí mọ́tò, torí fíúsì inú mítà máa jó lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ máa ga. Ẹ má bẹ̀rù, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò ò tíì sùn ni. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí márùndínláàádọ́ta. Tó bá wálẹ̀ sí ampere 0.05 tàbí kó dín, kò sí wàhálà. Ká ní ó dúró sórí 0.3: ìyẹn ni 7.2 ampere-wákàtí lójúmọ́, èyí tó máa gbé nǹkan bí 29 nínú bátìrì oní-45 láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fíúsì níkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ èyí tí nǹkan àfikún so mọ́. Èyí tẹ́ ẹ bá yọ tí nọ́ńbà já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí wáyà rẹ̀ ni wàhálà wà.

Kámẹ́rà ló sábà máa ń jẹ̀bi, torí pé wọ́n so ó mọ́ fíúsì tí kì í kú nígbà tí mọ́tò bá kú. Ẹ gbé e lọ sórí èyí tó ń bá kọ́kọ́rọ́ kú, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa ṣọ́ mọ́tò, ẹ ṣètò rẹ̀ kó pa ara rẹ̀ tí bátìrì bá wálẹ̀ sí fóòtì 12.2. Fíúsì àpò afẹ́fẹ́ kọ́ ni wọ́n ń so nǹkan mọ́ o. Tí òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú bá sì ní àpò afẹ́fẹ́ nínú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gba wáyà kámẹ́rà kọjá. Wáyà tó bá dábùú iwájú rẹ̀ máa dí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ wú.

Rímù, fílítà àti kápẹ́ẹ̀tì

Tí sitiárín bá ń gbọ̀n láti nǹkan bíi 90 km/h sókè lẹ́yìn tẹ́ ẹ pààrọ̀ rímù, ẹ wọn ihò àárín rímù kẹ́ ẹ tó dá ẹni tó báláǹsì táyà lẹ́bi. Orí họ́ọ̀bù, ìyẹn ibi tí ihò àárín rímù ń wọ̀ sí, jẹ́ 56.1 mm lára Toyota 86 àti BRZ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ihò ọ̀pọ̀ rímù ọjà jẹ́ 73.1 mm. Òrùka kan wà tó ń dí àlàfo yẹn. Ẹ rà á, kẹ́ ẹ fi sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi sípánà tó ń wọn agbára de nọ́ọ̀tì rímù dé 120 N·m lára mọ́tò méjèèjì yìí, kẹ́ ẹ sì tún un dè lẹ́yìn 80 sí 100 km. Iná táyà tó bá ń ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan kó tó dúró ń sọ pé òun ò rí sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà. Èyí tó bá dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti dín.

Fílítà afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi ọ́ìlì ra: tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, ó máa ń lọ lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n tí mọ́tò bá dúró sójú kan, kóòdù P0171, tó ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, á sì jáde. Omi ìfọsẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ṣe fún un ni kẹ́ ẹ fín sí i, ẹ má fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ.

Kápẹ́ẹ̀tì sì ni ohun tí wọ́n ń fojú kéré jù. Ní ọdún 2009, Toyota kéde recall lórí nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.8 mọ́tò ní Amẹ́ríkà nítorí pé kápẹ́ẹ̀tì lè há pẹ́dà iná mọ́lẹ̀. Ẹ má to méjì léra. Ẹ fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ, kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ sì tẹ pẹ́dà náà délẹ̀ kẹ́ ẹ rí i bóyá ó ń padà fúnra rẹ̀.

Àwọn ìwà tí kì í ṣe àìsàn

Ariwo bíi ti ìrẹ̀ nígbà tí 86 tàbí BRZ àkọ́kọ́ bá dúró sójú kan, ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù epo ló ti ń wá. Ẹ́ńjìnnì tó ń sáré díẹ̀ láàárọ̀ ń mú kátálísì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, gbóná ni. Bírékì tó ń han lẹ́yìn òjò, ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bíi mélòó kan. Gíà kejì tó le nígbà tí mọ́tò tutù, ọ́ìlì gíà ló ṣì ki. Ẹ má fi agbára tì í. Kùrukùru fẹ́ẹ́rẹ́ nínú iná ẹ̀yìn tó ń lọ tí oòrùn bá ràn kì í ṣe nǹkan; tí omi bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Gíláàsì ilẹ̀kùn tí kò ní férémù máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá tú bátìrì, ó lè gbàgbé ibi tó ń dúró sí, kó máa kọlu rọ́bà òkè. Ẹ rọra gbé e sókè pátápátá, kẹ́ ẹ ṣì di bọ́tìnnì mú fún ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún. Tí kò bá gbà, ìwé mọ́tò yín ló ní ètò tirẹ̀.

Tó bá di pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ká ariwo náà sórí fóònù, kẹ́ ẹ kọ ìgbà tó ń dún sílẹ̀: ṣé nígbà tó tutù ni, gíà wo, eré mélòó, pẹ̀lú kíláàṣì ní títẹ̀ tàbí láìtẹ̀ ẹ́? Tí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, ẹ ka kóòdù rẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́, torí ipò tí ẹ́ńjìnnì wà nígbà tí kóòdù wọlé máa ń pa rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.