Ẹja Tí Kò Lè Jọ Gbé: Àṣìṣe Tí À Ń Ṣe Nídìí Táǹkì Omi Iyọ̀

Chromis mẹ́jọ ni mo rà, ẹja òkun kéékèèké, èmi fúnra mi ni mo kà wọ́n sínú omi. Lọ́jọ́ kẹta, méje ni mo bá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ku márùn-ún, mi ò sì rí òkú kankan. Mo wo ẹ̀yìn òkúta, mo tú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Ìyá kan ládùúgbò wa l'Ákóbọ̀ ní kí n lọ bi ológbò mi. Alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n múná lọ ni mo tan tọ́ọ̀ṣì sí táǹkì. Lionfish mi, ẹja ẹlẹ́gùn-ún olóró tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà lójú ọ̀sán, ti na lẹbẹ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni na apá agbádá, ó ń fi rọra sé chromis kan mọ́ kọ̀rọ̀ òkúta. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹja ti wọlé. Ó ká agbádá rẹ̀, ó padà síbi tó ti ń dúró.

Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ẹja jẹ́jẹ́ ni, kò sì parọ́. Lionfish kì í jà. Ohun tó bá ti lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé, oúnjẹ ni, kò sí ìjà níbẹ̀. Èmi ni mo béèrè ìbéèrè tí kò tọ́. Mo ní, "Ṣé ó máa ń jà?" Ó yẹ kí n wo ẹnu rẹ̀, kí n wo ẹ̀yìn chromis, kí n fi ojú wọn wọ́n.

Ohun tó ká mi lára ni pé àwa ará Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nídìí àrọ̀. Kò sí ẹni tó ń sin àrọ̀ tí kì í ṣà á. Èyí tó bá yára dàgbà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pè ní ṣúútà, wọ́n á yà á sọ́tọ̀, torí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni yóò máa gbé mì. Ẹni kan náà yìí ló máa dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja omi òkun, táwọ̀ á kó sí i lójú, tó máa gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀.

Ẹ má fi ìwọ̀n tí ẹja ní lọ́jọ́ tí ẹ rà á ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Panther grouper wà tí ara rẹ̀ funfun, tí àmì dúdú wínníwínní bò ó. Tó bá ṣì kéré, bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ dà bí ẹni ń jó. Ẹja yìí lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Clown triggerfish náà lè tó bẹ́ẹ̀, eyín rẹ̀ sì le débi pé ó ń fọ́ ìkarahun. Ẹja búlúù oníìrù yẹ́lò táwọn ọmọdé mọ̀ nínú fíìmù, tí wọ́n á fi sunkún títí bàbá wọn á fi rà á, lè tó sẹ̀ǹtímítà 30. Táǹkì tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 70, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 70, ń gba omi bíi lítà 980. Iyọ̀ tí ẹ máa pò sí i nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 35. Lójú wa, òkun ni. Lójú grouper tó ti dàgbà, yàrá kan ni, gbogbo ẹja kékeré tó bá bá nínú yàrá náà sì ti di ti rẹ̀.

Damsel ńkọ́? Ẹ ó gbọ́ pé òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, torí kì í tètè kú, kí ó wà nínú táǹkì tuntun títí omi á fi dára. Ẹ má ṣe é. Ọ̀pọ̀ wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ gidi ni. Òun ló kọ́kọ́ dé, nítorí náà gbogbo òkúta ti di ogún bàbá rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ á san owó ilẹ̀ títí lẹbẹ á fi ya. Omi tuntun kò nílò ẹja kankan láti fi dára. Kòkòrò àìfojúrí tó ń pa agbára àmóníà, oró tí ìgbẹ́ ẹja àti ohun tó bá jẹrà ń tú sómi, ló nílò, ẹyọ edé tútù kan láti ọjà Bódìjà tí ẹ jẹ́ kó jẹrà sínú omi náà sì tó láti bọ́ wọn. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹ máa yẹ omi wò. Lẹ́yìn náà, oníwà tútù ni kó kọ́kọ́ wọlé, jàǹdùkú ni kó wọlé kẹ́yìn. Tí ọmọ onílẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, ẹ tú gbogbo òkúta, ẹ tún un tò lọ́nà mìíràn lọ́jọ́ tí àlejò bá ń bọ̀, kí gbogbo wọn lè jọ di àlejò.

Ibi tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni pé ẹja tó jọra ló ń bá ara wọn jà. Yellow tang láti Hàwáì àti purple tang láti Òkun Pupa, ìrísí kan náà ni wọ́n ní, ewéko kan náà ni wọ́n ń jẹ, ojú olè ni wọ́n sì fi ń wo ara wọn. Ẹ sì rántí pé egungun tó mú bí abẹ ìfárí wà nídìí ìrù tang. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi abẹ náà fà lára, ojú ọgbẹ́ náà tọ́ gedere bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Tí tang bá gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ, kí ìrísí wọn yàtọ̀, kí wọ́n sì wọlé lọ́jọ́ kan náà.

Ti clownfish tún yàtọ̀. Akọ ni gbogbo wọn nígbà èwe. Ọ̀gá láàárín wọn ló ń di abo, igbá-kejì á di ọkọ rẹ̀. (Bí ìyàwó bá kú, ọkọ á di ìyàwó. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń pín ogún.) Ẹ ra méjì tí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, ọ̀rọ̀ á ti yanjú fúnra rẹ̀. Ẹ ra mẹ́ta, ẹnì kan á máa sun igun.

Oúnjẹ náà ń dá ìjà sílẹ̀ láìsí ariwo. Ẹṣin omi kì í yára jẹun. Ẹ fi í sínú ilé kan pẹ̀lú triggerfish, ebi ni yóò pa á níṣojú oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ butterflyfish ló sì ń já kórálì jẹ, ìyẹn ìbátan iyùn tí à ń so mọ́rùn, nítorí náà ẹni tó bá náwó sórí kórálì kó jìnnà sí wọn. Boxfish burú jù lójú tèmi. Tí ẹ̀rù bá bà á tàbí tí ara ń ni ín, ó ń tú májèlé sómi tó lè pa gbogbo ẹja tó wà níbẹ̀, òun náà pẹ̀lú. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa yìí, tí ẹ̀rọ omi á máa dúró, ta ló fẹ́ kó irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé?

Ẹja tó sì ti fi ọ̀rá rìn láti Èkó dé Ìbàdàn, ẹ má dà á sáàárín àwọn ará ilé lójú ẹsẹ̀. Ẹ yà á sí táǹkì kékeré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán. Àrùn kan wà tó ń fi àmì funfun bíi hóró iyọ̀ sára ẹja; oògùn oníkọ́pà tí a fi ń wò ó ń pa edé àti kórálì, nítorí náà táǹkì kékeré náà ni ibi ìwòsàn rẹ̀.

Lionfish mi ṣì wà. Foxface kan ló ń bá gbé báyìí, ẹja tó tóbi kọjá ẹnu rẹ̀, tóun náà ní ẹ̀gún olóró tirẹ̀, wọn ò sì da ara wọn láàmú. Chromis mẹ́ta tó kù wà nínú táǹkì kékeré tí mo ní kó jẹ́ ti ẹja tó bá ń bọ̀ láti Èkó. Mo ti wá ń wá táǹkì mìíràn rà.