Rìlé Ló Ń Da Honda Hàlà Mi Láàmú, Pọ́ǹpù Epo Ni Wọ́n Tà Fún Mi

₦38,000 ni mo kà sílẹ̀ fún pọ́ǹpù epo tókúnbọ̀, owó iṣẹ́ rewáyà ò sí nínú ẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, wọ́n ti ní kọ́ìlì ni, mo ra kọ́ìlì. Wọ́n ní bátìrì ti rẹ̀, mo pààrọ̀ bátìrì. Mọ́tò ò tìtorí ẹ̀ gbọ́n. Lẹ́ẹ̀dì tí àwọn onírédíò fi ń lẹ wáyà, èyí tí kò gùn tó ìka ọwọ́, ló padà yanjú ọ̀rọ̀ náà, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Honda Accord 1992 ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Hàlà. Mọ́tò tó ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún lójú títì, mi ò lè bá ẹni tó ṣe é jà. Àìsàn ẹ̀ rèé: tí mo bá gbé e sínú oòrùn ọ̀sán ní Dùgbẹ̀, tí mo yí gbogbo gíláàsì sókè, tí mo wá ra nǹkan tí mo fẹ́ rà tí mo padà dé, á kíìkì dáadáa, kò ní jí. Mo lè kíìkì ẹ̀ títí bátìrì á fi fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, tí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó ti dáhùn.

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Rewáyà ò lè fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án wá bá mi. Ìgbà tó bá fi máa dé, ilẹ̀ ti tutù, mọ́tò ti jí. Á wò mí bíi pé irọ́ ni mo pa. "Ọ̀gá mi, mọ́tò yín yìí ò ṣe nǹkan kan o." Mo ní kó jẹ́ ká dúró dìgbà tó bá tún ṣe é, ó ní oníbàárà ń dúró de òun. Lẹ́yìn náà á ronú díẹ̀, á ní, "Bóyá pọ́ǹpù ni." Bóyá tirẹ̀ yẹn, èmi ni mò ń sanwó ẹ̀. Ó so pọ́ǹpù mọ́ ọn nírọ̀lẹ́, mọ́tò jí. Ó kúkú máa ń jí nírọ̀lẹ́! Ó gbowó, ó lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mọ́tò tún dá mi dúró síwájú báńkì, tèmi tàpò ìrẹsì.

Mo bá lọ ra mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Yíyọ wáyà plọ́ọ̀gì láti wò bóyá iná ń ta, ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rí mọ̀ ọ́n, mi ò ní fìyẹn gbà yín lákòókò. Iná ń ta. Epo ló kù.

Nínú Hàlà, tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, kí ẹ tó kíìkì, ẹ máa gbọ́ pọ́ǹpù lọ́wọ́ ẹ̀yìn: wùùù, bíi ìṣẹ́jú àáyá 2, á dákẹ́. Lálẹ́ mò ń gbọ́ ọ. Lọ́sàn-án gangan, kẹ́kẹ́ pa. Mo ti mítà bọ wáyà tó lọ sídìí pọ́ǹpù: nírọ̀lẹ́ ó ka bíi fóòtì (volt) 12 fún ìṣẹ́jú àáyá 2 yẹn, lọ́sàn-án òdo ni. Pọ́ǹpù ò jẹ̀bi, iná ni kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Rìlé kan, ìyẹn suwíìsì kékeré tó ń fúnra ẹ̀ tan iná tó sì ń pa á, tí wọ́n ń pè ní main relay, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ló ń gbé iná náà lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò tún fẹ́ ra bóyá mìíràn. Mo fẹ́ rí i kí àìsàn náà ṣe lójú mi, láàárọ̀, nígbà tí ara mi balẹ̀. Mo bá kọjá sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì onírun, mo ní kó yá mi ní hándíráyà. "Ẹ̀yin bàbá yìí, irun wo lẹ fẹ́ gbẹ?" NEPA ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ la lò. A fa wáyà gba iwájú oníbàárà ẹ̀ kan tó ti di rólà sórí, ó dé ìdí mọ́tò. Kí n tó tan ráyà, mo yí kọ́kọ́rọ́: wùùù. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí rìlé náà títí ike ẹ̀ fi ń jó mi lọ́wọ́, mo yí kọ́kọ́rọ́: kò sí ohùn. Mo jẹ́ kó tutù: wùùù. Mo tún mú un gbóná: kò sí ohùn. Mo hó yèè! Onírólà jáde wá wò bóyá iná ló gbé mi.

Mo tú rìlé náà, mo ṣí ike ẹ̀. Ní abẹ́ pátákó kékeré inú ẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ló di àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ojú lásán ò rí nǹkan kan. Mo gbé kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ọn, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: ìlà tín-ín-rín kan yí ẹsẹ̀ méjì po, dúdú, ó là káàkiri. Mo fi èékánná ti ọ̀kan, ó mì. Tí ooru bá mú un, á ṣí, iná á já. Tó bá tutù, á padà pàdé.

Mo yá irin tí àwọn onírédíò fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, mo fa ti àtijọ́ kúrò, mo jó tuntun sí gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe méjì yẹn nìkan. Tí lẹ́ẹ̀dì bá tàn tó sì ṣàn yí ẹsẹ̀ náà ká, ó ti mú; tó bá rí kókó tó ṣú, ẹ tún un jó. Ẹ má wulẹ̀ sáré ra rìlé tókúnbọ̀, ọjọ́ orí kan náà ni òun àti tiyín.

Mọ́tò tó bá ń ṣàìsàn lọ́sàn-án, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe nírọ̀lẹ́. Ẹ gbé e fún un nínú oòrùn, kó sì tún lo ọ̀sán kan nínú oòrùn kí ẹ tó sanwó.

Rewáyà náà gbé rìlé Hàlà ẹlòmíì wá bá mi láìpẹ́ yìí. "Ọ̀gá mi, ẹ bá mi wo eléyìí." Mo jó o fún un, mo sì gba ₦5,000. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, mi ò yọ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀.