Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin

Ẹni tí ó bá ń fi alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kó kòkó wálé láti oko lápá Ìjẹ̀bú-Igbó yóò ti mọ bí ẹrẹ̀ ṣe ń bá bíréèkì fínra. Bí bíréèkì bá rọ̀ bí tìmùtìmù lábẹ́ ìka, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ ti wọ ibi tí ó yẹ kí òróró nìkan wà.

Àṣìṣe tí mo rí jù, tí èmi náà sì ṣe, ni kí ènìyàn jọ̀wọ́ bíréèkì kí ó tó dí nọ́ọ̀tì kékeré tí òróró ń gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ dì í mú, ẹ tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀ kí òróró lè gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú ìgò, ẹ dí i padà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó jọ̀wọ́. Ọmọ tí ó ń bá mi tẹ bíréèkì lọ́jọ́ náà ń wo ewúrẹ́ tí ó ń kọjá. Odidi wákàtí kan ni a fi ń lé afẹ́fẹ́ jáde tí a tún ń fà á wọlé. Nísinsìnyí, n kì í tú nọ́ọ̀tì títí ẹni tí ó di bíréèkì mú yóò fi dáhùn pé, “Mo dì í mú.”

Ẹ má sì tẹjú mọ́ ìgò ìsàlẹ̀ débi tí òróró yóò fi tán nínú ike òkè tí a ń rọ òróró bíréèkì sí, nítorí afẹ́fẹ́ yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ kọ́kọ́ fọ ẹrẹ̀ ara ìdérí rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i.

Ní ti òróró, nọ́ńbà tí ó wà lára ìdérí ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ó bá pe DOT 4, tí í ṣe irú òróró bíréèkì kan, ẹ má rọ DOT 5 sí i, nítorí sílíkóònù ni ìyẹn, kò sì bá a pò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò mú kí àwọn rọ́bà inú bíréèkì wú. Ẹ má sì lo èyí tí ẹ ti ṣí sílẹ̀ láti èṣí: bí gàrí Ìjẹ̀bú tí a kò dé nígbà Agẹmọ ni òróró bíréèkì ṣe ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 230°C, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè máa hó ní nǹkan bíi 155°C, bíréèkì yóò sì já yín kulẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èyí tí ẹ fà jáde kò gbọdọ̀ padà sínú ike.

Bí òróró náà bá ta sára ọ̀dà alùpùpù, ẹ tètè fi omi ṣàn án, nítorí yóò bó o. Kí ẹ tó gùn ún jáde, ẹ fi ọwọ́ tì í lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ sì tẹ bíréèkì. Bí ó bá ṣì ń rọ̀, ẹ tún iṣẹ́ náà ṣe.