Àfikún owó lórí gbèsè ilé
Ẹ̀yin ará, èlé ló sábà máa ń gbé púpọ̀ nínú owó tí a kọ́kọ́ ń san lórí gbèsè ilé, ìyẹn owó tí a yá láti fi ra ilé. Bí ẹ bá yá 200,000 fún ọdún 30, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú 100 lọ́dún, ẹ ó máa san nǹkan bí 1,199 lóṣù, ṣùgbọ́n 199 péré nínú ti oṣù kìíní ni yóò dín ojú owó, ìyẹn iye tí ẹ yá gan-an láìka èlé, kù. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àfikún san, ẹ kọ̀wé sí báǹkì pé kí wọ́n fi dín ojú owó kù, kí wọ́n má baà kà á sí owó oṣù tó ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé àdéhùn wò ná, torí òmíràn ní ìtanràn fún ẹni tó bá tètè san tán, èyí tó máa ń ya èmi gan-an lẹ́nu.