Ẹ Wo Àtẹ́lẹsẹ̀ Ajá Yín Kí Ẹ Tó Ra Ìpara: Àṣìṣe Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gba Greyhound

Owó tí àwọn èèyàn wa ń ná dànù lórí ẹsẹ̀ greyhound, irú ajá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń sáré ìje, ní Lọ́ńdọ̀nù yìí ti sú mi. Ẹnì kan á gba ajá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu eré ìje, ajá jẹ́jẹ́ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó, tó lè sùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò ní pẹ́ tí ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ẹni náà á sáré lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á ra oríṣiríṣi ìpara, á fi òrí tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn kún un. Nígbà tó bá yá, ẹsẹ̀ kò san, owó ti lọ, wọ́n á wá pè mí: "Àǹtí, ẹ gbà mí o." Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ajá náà ti ń jẹ̀rora látìgbà yẹn, kò sì lẹ́nu tó lè fi sọ ọ́.

Mi ò ní ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ajá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ní greyhound nílé mọ̀ pé awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, pé kò lọ́ràá lára. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé orí iyanrìn ni wọ́n ti ń sáré. Ireland ni wọ́n ti bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sáré níbí. Wọ́n á kó wọn wá sí pápá eré ìje bíi Romford, tàbí Crayford kí wọ́n tó ti ìyẹn pa ní 2025, lẹ́yìn náà ló wá di ojú títì Peckham àti Thamesmead. Ẹsẹ̀ tó ti mọ́ iyanrìn wá bọ́ sórí kọnkéré.

Àṣìṣe èkínní: kíkun nǹkan sí ibi tí ẹ kò tíì wò. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀ náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ ya ìka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ẹ wò ó nígbà tó ṣì tutù, torí kọ́ọ̀nù (corn, awọ líle tó máa ń hù sí àtẹ́lẹsẹ̀) máa ń hàn lára àtẹ́lẹsẹ̀ tútù ju èyí tó gbẹ lọ. Ohun róbótó kan ni, ó le, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ara tó yí i ká, orí ìka méjì àárín ní ẹsẹ̀ iwájú ló sì wọ́pọ̀ sí jù. Bó bá jẹ́ ihò kékeré láàárín ìka ni ẹ rí, tó wú, tó ń ṣomi, tó sì jẹ́ ìgbà ooru, èso koríko ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló ṣeé ṣe kó wọlé síbẹ̀. Kò sí ìpara tó lè fà á jáde, inú ló sì máa ń rìn lọ. Dókítà ẹranko ló máa yọ ọ́.

Èkejì: kọ́ọ̀nù. Ibí ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ dáadáa.

Nínú gbogbo ajá, greyhound ni kọ́ọ̀nù ń dà láàmú jù. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ dókítà gbà ni pé ohun tó rọ̀ láàárín eegun ìka àti awọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kò nípọn tó. Eegun ń tẹ awọ mọ́ ilẹ̀ líle, awọ náà á máa le, á sì máa wọnú lọ bí ìṣó. Ajá tó bá ní in á rìn dáadáa lórí koríko, ṣùgbọ́n bó bá ti dé ojú títì, á gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ yẹ ìka wò kí ẹ tó ná owó sí ohunkóhun.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn àwọn èèyàn ni pílásítà kọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà fún èèyàn ní ilé oògùn. Salicylic acid ló wà nínú rẹ̀. Ásíìdì yẹn kò mọ ibi tí kọ́ọ̀nù parí sí, á jẹ awọ tó dáa mọ́ ọn. Bàbá kan ní Woolwich lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ajá rẹ̀ lálẹ́, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e lórí, ó lọ síṣẹ́ òru. Nígbà tó fi máa dé láàárọ̀, ìbọ̀sẹ̀ ti ya, pílásítà ti wọ ikùn ajá, ajá ń bì. Owó tó san lọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà ju èyí tí ì bá fi yọ kọ́ọ̀nù yẹn lọ́nà tó tọ́ lọ. Mo bá a wí gidigidi, àgbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Àwọn tó tún ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni àwọn nọ́ọ̀sì wa. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ pé ẹ mọṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ajá kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ yín ní wọ́ọ̀dù. Ọ̀kan nínú yín fi abẹ gé kọ́ọ̀nù ajá rẹ̀ ní pálọ̀. Ẹ̀jẹ̀ jáde díẹ̀, ó fi báńdéèjì dí i, ó dá. Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, kò sì dá mọ́ títí wọ́n fi gbé ajá lọ. Bí ara greyhound ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ẹ̀jẹ̀ lè dá lójú ẹsẹ̀, kó tún máa jáde lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, torí pé ara àwọn mìíràn nínú wọn máa ń tètè tú ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ilẹ̀ yìí, Veterinary Surgeons Act ti 1966, kò fún ẹni tó ni ajá láyè láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nílé.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé ni kí ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ ọ́ lára. Ẹ fi òrí díẹ̀ pa orí kọ́ọ̀nù náà lálẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọ ẹsẹ̀, kí ẹ jókòó tì í títí á fi wọlé. Bó bá yọrí sókè, ẹ fi fáìlì èékánná rọra ha orí rẹ̀, kí ẹ dúró kí ó tó dùn ún. Ẹ ra bàtà ajá tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn tó sì rọ̀, kí ó máa wọ̀ ọ́ jáde, kí ẹ sì bọ́ ọ bó bá ti wọlé. Ẹ mú un gba orí koríko. Gbogbo èyí ń dín ìrora kù, kò sì ní yọ kọ́ọ̀nù.

Dókítà ẹranko tó mọ greyhound á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí i láti etí títí á fi jáde tìdítìdí, ọ̀pọ̀ ajá á sì rìn dáadáa lọ́jọ́ náà gan-an. Àmọ́ ó sábà máa ń padà hù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ẹ má torí ìyẹn pe dókítà ní ọlọ́ṣà. Bí wọ́n bá dábàá pé kí wọ́n gé ìka náà kúrò, ẹ kọ́kọ́ rò ó dáadáa, torí ìwúwo tó wà lórí ìka yẹn á bọ́ sórí èkejì rẹ̀, kọ́ọ̀nù sì lè hù níbẹ̀ náà. Iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n ti ń gé iṣan tó ń fa ìka mọ́lẹ̀, kí ìka lè gbé sókè díẹ̀, kí kọ́ọ̀nù má fi bẹ́ẹ̀ kanlẹ̀ mọ́. Ẹ béèrè nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pè mí kò tíì gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀kẹta: ibuprofen, oògùn ìrora tí èèyàn ń lò. Ẹ má fún un rárá, ó ń dá egbò sínú ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fúnra yín fún un ní paracetamol náà.

Robb, Aboniki àti gbogbo báàmù tó ń ta lára: ohun tó bá wà ní ẹsẹ̀ ajá, ẹnu rẹ̀ ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tea tree oil, òróró olóòórùn kan tí àwọn èèyàn ń fi pa awọ, tó lè fa gbígbọ̀n àti àìlera fún ajá, àti ìpara ìdí ọmọdé tó ní zinc nínú. Òrí kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ ẹsẹ̀ ajá sínú òrí tàbí àdí láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ẹ ń sọ àtẹ́lẹsẹ̀ di ẹlẹgẹ́, kò sì ní pẹ́ tó fi máa bó lójú títì.

Dettol náà ń kọ́? Ìyá wa fi í wẹ̀ fún wa, mo mọ̀. Ó ń jó awọ ajá, bó bá sì lá a, ó ń bó o lẹ́nu. Hydrogen peroxide ń pa ara tuntun tó fẹ́ hù. Ṣíbí tíì kan iyọ̀ nínú ìdajì lítà omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù tó láti fọ ojú egbò. Ẹ wá nu ún kó gbẹ, àti àárín ìka.

Báńdéèjì tó fún ti ba ìka jẹ́ ju egbò fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ fi òwú sí àárín ìka, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, bí ìka bá sì wú tàbí tó tutù, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí ẹ fi bò ó nítorí òjò, ẹ yọ ọ́ bí ẹ bá ti wọlé. Torí ajá máa ń làágùn ní àtẹ́lẹsẹ̀.

Èyí tó kàn ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú fò. Ìtiro kì í fìgbà gbogbo wá láti àtẹ́lẹsẹ̀. Jẹjẹrẹ eegun wọ́pọ̀ nínú greyhound, ó sì máa ń mú wọn lókè ọrùn ẹsẹ̀ iwájú tàbí nítòsí èjìká. Mo mọ ajá kan tí wọ́n ń tọ́jú kọ́ọ̀nù rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kọ́ọ̀nù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ eegun apá náà ti ń jẹrà. Ìgbà tó fọ́ ni wọ́n mọ̀. Bí ajá yín bá ń tiro lórí koríko náà, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lókè, tàbí tó ké nígbà tí ẹ fọwọ́ kan eegun, ẹ sọ ìpara sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ya ẹ́síréè.

Ìgbà òtútù: ẹ fi omi fọ iyọ̀ tí kánsù fọ́n sójú títì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìgbà ooru: bí ẹ̀yìn ọwọ́ yín kò bá lè dúró lórí títì fún ìṣẹ́jú-àáyá 7, ẹ má mú un jáde.

Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ ya fọ́tò ìka náà nígbà tó tutù, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì ya fídíò ìrìn rẹ̀ lórí koríko àti lórí títì. Nínú yàrá dókítà, ẹ̀rù á ba greyhound débi pé kò ní tiro rárá.