Bí ẹ ṣe lè rí àparò igbó Udzungwa láì dà á láàmú

Tanzania nìkan ni wọ́n ti lè rí ẹyẹ yìí, lórí àwọn òkè Udzungwa, nínú igbó Ndundulu àti Nyumbanitu. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ láti Denmark ti kọ́kọ́ kan án ní 1991: ẹsẹ̀ ẹyẹ tí wọn ò rí rí ló ń yọjú nínú oúnjẹ alẹ́ wọn! Ní 1994 ni wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ sáyẹ́ǹsì, Xenoperdix udzungwensis. Àwọn àparò òkè ní Éṣíà ló bá tan jù, kì í ṣe àparò oko tiwa.

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó kẹ́ ẹ tó gbéra. Ìlú Iringa la gbà, a sì dé abúlé Udekwa, níbi tá a ti fi ẹsẹ̀ gòkè. Ẹ wá afinimọ̀nà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé kwale lẹ ń wá. Bí wọ́n ṣe ń pe àparò lédè Swahili nìyẹn. Owó tẹ́ ẹ bá san fún ọmọ abúlé ń jẹ́ kó rí èrè nínú kí ẹyẹ wà láàyè.

Nínú igbó, etí ló ń ṣiṣẹ́ ṣáájú ojú. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ dúró pẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta mi ni mo gbọ́ ṣàà, ṣàà, bí ẹni ń fi ọwọ́ tú ewé gbígbẹ. Mo dúró gbagidi. Mẹ́rin ló jáde lábẹ́ igi kan, wọ́n ń ha ilẹ̀ wá kòkòrò. Ọ̀kan gbórí sókè: àgógó ẹnu rẹ̀ pupa, ojú rẹ̀ dà bí irin tó dípẹtà, àyà rẹ̀ rí bí eérú tó ní àmì dúdú tóótòòtó. Mi ò tilẹ̀ rántí fọ́tò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ jáde láti fi pè é. Yóò fi oúnjẹ tàbí ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ wá bá ọ̀tá tí kò sí jà. Ẹ má sì tan iná kiri lóru láti wá a.

Àjọ IUCN, tó ń rí sí ààbò àwọn ẹ̀dá lágbàáyé, kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu àkúrun. Igbó rẹ̀ kò fẹ̀, ilẹ̀ ló sì ti ń jẹun, nítorí náà okùn tí wọ́n dẹ fún ẹran mìíràn lè mú un. Bẹ́ ẹ bá rí tàkúté, ẹ jẹ́ kí afinimọ̀nà ló tú u, ẹ fi fóònù sàmì sí ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì fà á lé àwọn aṣọ́gbó lọ́wọ́. Ẹ má gbé ojú ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì; àwọn ọdẹ pẹ̀lú ń kà á. Ọ̀kan tá a rí jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n lọ́ mọ́ ọmọ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gan-an tí àwọn mẹ́rin yẹn gbà lọ.